Àwòrán Ẹ̀dọ̀ Inoussa

Nígbà tí Inoussa aránṣọ máa fi gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti fẹsẹ̀ kan máṣíìnì rẹ̀. Ibà ń gbé e lálaalẹ́, ìhà ọ̀tún rẹ̀ wú, bó bá sì wúkọ́, á dà bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún un nínú. Rafiatou, ìyàwó rẹ̀, ti se gbogbo àgbo tí wọ́n júwe fún un ní Bantè, ìlú wọn. Kò sí èyí tó ràn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1994, obìnrin náà kò bi í léèrè mọ́. Ó pe takisí, ó kó ẹní àti ìkòkò sínú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Fàthíà, ẹ dìde. Bí ẹ ò bá lè rìn, màá pọ̀n yín."

Dókítà Adamou ló gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn. Àgbà dókítà ni, òkìkí ọwọ́ rẹ̀ sì kan gbogbo àgbègbè náà: wọ́n ní bó bá ti fọwọ́ tẹ ikùn, àrùn kò ríbi sá sí. Ó tẹ ikùn Inoussa títí, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle lábẹ́ egungun ìhà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó fi sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa.

"Kí lẹ rí, dókítà?" Inoussa bi í.

Dókítà kò fi bò fún un. "Ẹ̀dọ̀ yín ló wú. Ó jọ kókó burúkú lójú mi. Bó bá jẹ́ òun ni, a ò lè gé e níbí, n kò sì rò pé wọ́n lè gé e ní Kútọnu."

Rafiatou bú sẹ́kún. Dókítà ní sùúrù fún un títí ó fi nu ojú rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀rọ kan wà níbí fún ọdún kan, tó ń ya àwòrán inú ènìyàn. Dókítà Latifatou ló gbé e wá láti Kútọnu, ó ń fi ṣèwádìí. Ẹ jẹ́ kó wò yín."

Dókítà Latifatou jẹ́ obìnrin tínínrín kan tó ń lo awò ojú. Kò kánjú. Ó ṣàlàyé pé ohun tí ọwọ́ Dókítà Adamou bá sọ, àti ìtọ́jú tó bá fẹ́ ṣe, ni yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, wọn á lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀rọ náà á wá ya tirẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọ́n á fi méjèèjì wé bó ṣe rí fún aláìsàn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà wúlò tàbí ó kàn ń dán lásán.

"Ṣé èmi lẹ wá fẹ́ fi dán an wò?" Inoussa bi í.

"Ẹ̀rọ là ń dán wò, ẹ̀gbọ́n, àti àwa dókítà fúnra wa. Bí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́, a ó ṣì tọ́jú yín."

Baálé ilé kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Bàbá Sanoussi, àgbẹ̀ láti Pira, tí òun náà ń dúró de ẹ̀rọ. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi. Èmi ti gbà. Bí kò bá ṣe mí lóore, á ṣe ẹlòmíràn lóore."

Inoussa gbà.

Wọ́n fi òróró tútù kan tó ń yọ̀ pa á ní ìhà, dókítà sì ń fa nǹkan kékeré kan lọ sókè sódò lórí rẹ̀. Kò dùn ún. Lójú ẹ̀rọ náà, Inoussa kò rí ju eérú lọ, bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ọ̀nà. Láàárín eérú náà ni ojú dúdú róbótó kan wà. Ọwọ́ Latifatou dúró.

"Dókítà Adamou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Bó bá jẹ́ kókó ẹran ni, kò ní dúdú tó báyìí. Ọyún ló kún ibẹ̀."

Àgbà dókítà tẹ̀ síwájú, ó wò ó títí. "Ọyún ni," ni ó wí jẹ́ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ọ̀kan nínú àwọn dókítà méjèèjì ṣe ń wo àwòrán ni èkejì ń ti abẹ́rẹ́ gígùn wọ ìhà Inoussa. Ọyún pupa rúsúrúsú bí omi ẹrẹ̀ tú jáde, ó kún abọ́ kan. Kí abọ́ náà tó kún, Inoussa mí kanlẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Alihamudulilai," ni ó ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn. Ní ọjọ́ kẹta ó béèrè iyán.

Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, Dókítà Adamou mú àpò ìwé náà wá síbi ibùsùn rẹ̀, ó ya á, ó sì kà á sókè: "Kókó nínú ẹ̀dọ̀. Kò sí ìtọ́jú. Kí ó padà sílé." Ó fi ìwé náà lé Latifatou lọ́wọ́. "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà. Ká ní ọwọ́ mi nìkan la ní ni, ǹ bá ti rán baba ọlọ́mọ lọ sílé lọ kú."

Inoussa di ọwọ́ àgbà dókítà náà mú. Ọkùnrin náà ì bá ti fa ìwé náà ya, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kó padà wá kí wọ́n tún wò ó. Ojú dúdú náà ti lọ. Latifatou sọ fún un pé nínú ọgọ́rin ènìyàn tí wọ́n ti wò, àwòrán ti yí ìtọ́jú ènìyàn mẹ́tàlélógún padà. Nínú àwọn yòókù, púpọ̀ ni ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti fẹnu kò. Ẹ̀rọ pàápàá ti ṣìnà nígbà méjì, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

"Bàbá Sanoussi ńkọ́?"

Dókítà yọ awò rẹ̀. "Tiwọn, kókó ni lóòótọ́. A fún wọn ní oògùn ìrora, wọ́n lọ sílé. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti dágbére fáyé."

Inoussa kò sọ̀ ní Bantè lọ́jọ́ náà. Ó bá ọkọ̀ lọ tààrà títí dé Pira, ó sì béèrè ilé olóògbé. Opó rẹ̀ jáde sí i.

"Ìyá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Èmi àti bàbá la jọ jókòó ní ilé ìwòsàn. Àwọn ló ní kí n gbà, ara mi sì yá. Mo wá dúpẹ́ ni."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Àwọn dókítà ò fi ọ̀bẹ la bàbá lásán," ni ó wí. "Ilé wọn ni bàbá wà títí dé òpin, gbogbo ọmọ ló yí wọn ká. Àwọn náà dúpẹ́ kí wọ́n tó lọ." Ó pe àwọn ọmọ jáde, ó gbé àga fún Inoussa, ó bu omi fún un. Inoussa mu ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí bàbá wọn ṣe fún un.