Ọtí Ọlọ́sàn Ermelinda

Ní abúlé Loutolim, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé imú Zeferino Quadros kì í parọ́. Ogójì ọdún ló fi pọn ọtí fẹ́nì láti ara èso kajú. Ìdí nìyẹn tí Ermelinda, àbúrò rẹ̀, fi kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é nígbà tí òun náà pọn jíìnì, tó fi èèpo ọsàn, atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i.

Obìnrin náà bu ọtí fún un. Zeferino gbé ife símú, ó dijú.

"Háà! Ọsàn yìí ń ta sánsán! Ermelinda, o gbìyànjú!"

Ermelinda wo ìgò ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ẹnu yà á. Ó ti ṣi ìgò mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ọsàn wo? Ọtí lásán lẹ fà símú yẹn o. Mi ò tíì fi nǹkan kan sí i."

Ojú ti Zeferino. "Láti ìgbà tí ibà yẹn ti dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn ni mi ò ti gbóòórùn mọ́. Ẹja gbígbẹ ìyàwó mi gan-an ò dé imú mi."

"Ẹ sì lọ ṣe adájọ́ ọtí lọ́dún tó kọjá!"

"Ẹni tó ń làágùn jù nínú àwọn tó gbé ọtí wá ni mo fún nípò kìíní."

Àánú rẹ̀ ṣe Ermelinda, àmọ́ ẹ̀rín ló bú sí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ó yá, gbé ojúlówó wá," ni Zeferino wí. "Imú ló kú, ahọ́n ò kú." Ó tọ́ ọ wò. "Ó korò. O ò ha funfun inú èèpo ọsàn dà nù. Kànáfùrù náà ti pọ̀ jù, ètè mi ti kú tipiri. Òórùn ńkọ́? Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣé imú àna mi ni màá yá ni?"

Ermelinda gbóòórùn rẹ̀. "Ọsàn fẹ́ sọ̀rọ̀, kànáfùrù bò ó lẹ́nu."

"Ìwọ náà ti gbọ́ ọ!"

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún un pọn. Èèpo ọsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Ermelinda bó, kànáfùrù mẹ́ta péré ló sì jù sínú ìkòkò bàbà. Zeferino mu ún, kò korò, ètè rẹ̀ ò kú. Ermelinda fà á símú, ó kígbe:

"Ọsàn ló ṣíwájú! Atalẹ̀ ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́!"

Zeferino na ife. "Bu sí i."

Wọ́n ju yìnyín sí i, wọ́n fi edé díndín tì í lẹ́sẹ̀, ìgò náà ò sì rí ọjọ́ kejì.