Fáìlì Iṣẹ́ Aláràbarà

Aláràbarà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí àwọ̀ tí kò lè pò kó sì dùn ún wò. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ya ara agolo mílíìkì, páálí ọṣẹ àti ìwé ìpolówó fún Ọ̀gá, kó tó jáde lọ dá dúró. Ẹni tó bá ń mu mílíìkì nílùú náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń mu ún. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá nìkan ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá kan yọjú. Obìnrin kan tó ń ṣe bisikíìtì ń wá ẹni tí yóò ya páálí tuntun fún un, ó sì ní kí Aláràbarà kó àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe rí wá lọ́jọ́ kejì. Kí ló ní nílé? Káàdì ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti pátákó kékeré tó yà fún onígbàjámọ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní, "Kó agolo mílíìkì yẹn sí i, jàre!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni mo ti yà á. Mi ò lè ṣàdédé mú un láì sọ fún wọn."

"Lọ sọ fún wọn nígbà yẹn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àbí wọ́n máa gé ẹ jẹ ni?"

Ó kó iṣẹ́ méjìlá sínú fáìlì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí ti ń bí mi nínú. Kí Ọ̀gá má baà rò pé ó fẹ́ gba ògo òun, ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: "Mo bá wọn fọwọ́ kún un." Agolo tó fi oṣù mẹ́ta gbáko yà, tó tún yà lẹ́ẹ̀méjìlélógún kí oní-mílíìkì tó gbà! Ìrẹ̀lẹ̀ dára, àmọ́ èyí ti kọjá ìrẹ̀lẹ̀.

Ó bá Ọ̀gá nídìí tábìlì rẹ̀ láàárín bébà, awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ wá sí góńgó imú.

"Ẹ káàsán, sà."

"Aláràbarà! Ìwọ rèé? Mo rò pé o ò mọ̀ wá mọ́ ni."

Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá gba fáìlì, ó ṣí i. Ó yọ bébà kan. "Èyí ò tíì jáde sọ́jà. Àṣírí oníbàárà ni."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ronú kàn án."

Ni Ọ̀gá bá fa bírò pupa yọ. Ó fa ilà, ó ṣí ewé, ó tún fa ilà. Aláràbarà ní nínú ara rẹ̀ pé bisikíìtì ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí Ọ̀gá dá fáìlì padà, Aláràbarà rí i pé "Mo bá wọn fọwọ́ kún un" ni Ọ̀gá fagi lé. Ohun tó kọ rọ́pò rẹ̀ ni: "Òun nìkan ló ṣe é. Èmi ọ̀gá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó buwọ́ lù ú lójú ewé mẹ́wàá. Lábẹ́ páálí ọṣẹ nìkan ló kọ pé: "Àwọ̀ jẹ́ tirẹ̀, lẹ́tà jẹ́ tèmi."

Ọ̀gá ní, "Ti lẹ́tà yẹn, má gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ o. Mo jìyà lórí ẹ̀."

Aláràbarà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oníbisikíìtì ka ohun tí Ọ̀gá kọ, ó tún un kà. "Ẹni tí ọ̀gá tó fi sílẹ̀ ń jẹ́rìí fún báyìí, mi ò wo fáìlì ẹlòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n agolo mílíìkì yìí, ṣé ìwọ lo ṣe é lóòótọ́?"

"Èmi ni mo ṣe é, mà."

Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó tún un sọ.