Ìrẹsì Àwọn Ọmọ Kéékèèké

"Kí ló dé tí àwọn ọmọ kéékèèké kì í jẹun tán?"

Ọ̀gá ilé-ìwé ló bèèrè, ojú rẹ̀ ń bẹ nínú garawa àjẹkù. Àǹtí mi, olórí alásè, ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Òní la dá o. Bí garawa yìí bá tún kún, àwọn alásè ìta máa gba iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ Ajé."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún kẹrìndínlógún àǹtí mi rèé nídìí ìkòkò yẹn.

"Àbí iyọ̀ ni?" Àǹtí mi ló bi mí.

"Ẹ ti dín iyọ̀ kù, ẹ ti dín ata kù."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wọn àjẹkù kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ńlá ń lá abọ́ mọ́. Àwọn kéékèèké ń ṣẹ́ ìdajì kù. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ.

Ìyá Abọ́, tó ń fọ abọ́ fún wa, bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé! Ṣé àjẹkù ni wọ́n fi kọ́ ẹ ní yunifásítì ni?"

"Fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre," ni àǹtí mi wí. Ó yíjú sí mi. "Wá nǹkan ṣe. Níbo ni mo fẹ́ gbà lọ?"

Agogo oúnjẹ dún. Àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àánú wọn ló mú àǹtí mi ṣètò bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dúró ti garawa. Mo gba oúnjẹ tèmi, mo jókòó sáàárín wọn, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mo gbé ṣíbí.

Ọmọbìnrin kan di ọwọ́ mi mú. "Búọ̀dá, ẹ ò lè tíì jẹun! A ò tíì gbàdúrà."

"Ìgbà wo lẹ máa gbà á?"

"Tí gbogbo àwọn ọmọ ńlá bá ti jókòó."

Mo wẹ̀yìn. Ìlà àwọn ọmọ ńlá ṣì gùn dé ìta. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró níwájú, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ fún àdúrà, ó ń retí wọn. Ooru orí ìrẹsì mi ń rọlẹ̀, títí kò fi sí mọ́. Ìlà ò tíì tán. Ọ̀rá ọbẹ̀ ti dì.

Mi ò dúró de àmín. Mo gbé abọ́ náà lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó tú ọwọ́ àdúrà rẹ̀, ó fi ìka kan ìrẹsì tútù náà, ó sì gbójú sókè wo ìlà náà.