Ẹ̀dà Ọjọ́ Ẹtì

"Tún un ṣí," ni mátíróònù wí. "Bóyá o ò ṣí i dáadáa."

Akọ̀wé ilé ìwòsàn tún fáìlì náà ṣí lórí ẹ̀rọ tuntun. Àkọlé wà lókè: orúkọ, ibùsùn, oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà. Lábẹ́ wọn, òfìfo.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Inú àtẹ ńlá mẹ́fà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ ni àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà. Ó ṣètò ojú ìwé kan tó ń ṣa ohun tí dókítà nílò jọ láti inú wọn. Ojú ìwé yìí ni akọ̀wé ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún ọdún mẹ́ta. Lánàá, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbé ẹ̀rọ tuntun wá bi í bóyá ẹ̀dà wà. Ó ní digbí ni. Ìyẹn náà bá pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ́.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tẹjú mọ́ fáìlì náà títí. "Àǹtí, ìlànà tó ń ṣa wọ́n jọ nìkan lẹ fi pamọ́. Ohun tó wà nínú àtẹ kò bá a wá. Ó dà bíi kílé máa jó kéèyàn gbé fèrèsé sá jáde."

"Láti ọdún mẹ́ta?" ni akọ̀wé bi í.

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní."

"Digbí rèé o!" ni mátíróònù pariwo mọ́ akọ̀wé. "Ìyá Fáìlì, màmá ibùsùn kẹrìnlá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ní agogo méjì, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Oògùn wo lara rẹ̀ ò gbà?"

Akọ̀wé mọ̀ pé ọ̀kan wà. Ọwọ́ òun gan-an ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Orúkọ oògùn náà kọ̀, kò wá.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ rọra sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Ta ló máa mọ̀?"

"Wọ́n á máa retí kó o tún un ṣe," ni akọ̀wé dáhùn. "Ṣé o lè tún un ṣe?"



Akọ̀wé gbé fóònù, ó pe dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iṣẹ́ abẹ màmá ibùsùn kẹrìnlá dúró, sà. Àkọsílẹ̀ oògùn ti parẹ́ pátápátá. Èmi ni mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódì."

Kò dúró gbọ́ èébú tán. Ó mú ìwé àti bíró, ó wọ wọ́ọ̀dù, ó dúró ti ibùsùn kìn-ín-ní.

"Ẹ káàsán, bàbá. Oògùn wo ni ara yín kì í gbà?"

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé kò sí nínú kọ̀ǹpútà yín ni?"

"Kò sí, sà," ló wí, ó sì ṣí ìwé.