Aránṣọ Ẹ̀bá Kànga

Ìyá mi ò mọ ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Bí wọ́n ṣe ń tún ìlú ṣe ni, ṣùgbọ́n ìlú onílùú ló ń bá wọn tún ṣe." Kò parọ́. Ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Éṣíà ni mo fẹ́ fi gba oyè másítà.

Oṣù mẹ́rin ni mo lò ní abúlé kan níbẹ̀. Opó kan tó ń ránṣọ ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ọwọ́ òsì ló fi ń gé aṣọ, ẹ̀bá kànga ló sì ń gbé, nínú yàrá tí ẹbí ọkọ rẹ̀ yọ̀ǹda fún un. Ó sọ fún mi pé ẹbí yìí kan náà ló gba ilẹ̀ ọkọ òun.

"Wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o, àbúrò mi. Wọ́n á lé mi síta."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé a máa ń yí orúkọ padà nínú ìwé.

Mo sì yí i padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ kí òǹkàwé rí obìnrin náà, ni mo bá kọ ọwọ́ òsì, maṣíìnì àti kànga sílẹ̀ kedere. Mo bo ojú, mo fi ìdí sílẹ̀. Inú mi tún dùn nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan níbẹ̀ gba ìwé náà láti kà á ní ìpàdé abúlé. Ọ̀dẹ̀ lásán ni mí!

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ lórí ìwé mi ni ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ èdè fún mi lábúlé náà pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì ka ojú ewé kan tán tí gbogbo èèyàn ti ń wo obìnrin yẹn. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ síta."

"Ibo ló wà báyìí?"

"A ò mọ̀. Maṣíìnì rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá kànga."

Mo sáré lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yọ orí kẹta, ti aránṣọ yẹn, kúrò."

"Yọ ọ́ kẹ̀? Òun ló dáa jù! Wọlé, wọ́n ń dúró dè ọ́."

Mo wọlé. Ojú ara mi tì mí.

Olùdánwò àgbà rẹ́rìn-ín sí mi. "Aránṣọ yìí! Tí mo bá dé abúlé yẹn lọ́la, mo máa dá a mọ̀."

"Ẹ ò ní bá a nílé, sà."

Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n ní mo yege.

Ìyá mi pè ní ọ̀sán. "Ọmọ mi, ṣé o ti bá wọn tún ìlú wọn ṣe?"

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.