Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Ìyá mi ní ẹ̀bá ààrò ni òun bí mi sí, ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń tètè ru. Ó wá jẹ́ pé nínú gbogbo iṣẹ́ ayé, iṣẹ́ òtútù ni mo yàn.

Ampilifáyà ni mo ń ṣe. Kì í ṣe irú èyí tó ń di aládùúgbò létí o. Tèmi kò tó èékánná ọwọ́, ìgbì máíkíròwéfù, ìbátan ìgbì rédíò, tó wá láti ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run, tó ti rìn títí tó fi rẹ̀ ẹ́, ni mo ṣe é fún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó bá móoru ló ń pariwo, ampilifáyà sì lè fi ariwo ara rẹ̀ bo ìró tó yẹ kó gbé sókè. Nítorí náà, inú àgbá ńlá kan la máa ń gbé e sí. Àgbá yìí á mú un tutù kọjá gbogbo òtútù tí ara ènìyàn mọ̀, títí iná mànàmáná á fi máa gba inú irin ampilifáyà náà kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa pè mí. Ó ní àwọn tó ń fi àwo ńlá gbọ́ ìró ìràwọ̀ fẹ́ yan ampilifáyà kan lọ́jọ́ Ẹtì, tiwa tàbí ti àwọn kan níbòmíì. Bí ariwo tiwa bá fi kọjá ìdajì lórí òṣùwọ̀n ariwo, ká dì í sínú páálí.

“Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ,” ó ní, “àmọ́ nọ́ńbà ò mojú ẹnikẹ́ni.”

Orí méjì gbáko ni tiwa wà. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ní oṣù tó kọjá, kò tó ìdajì! Mo tú gbogbo wáyà, mo tún wọn so. Mo yẹ gbogbo ìdè wò níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo dájú sọ Oníyìnyín.

Oníyìnyín là ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú àgbá náà. Ó ga, ó máa ń súfèé, ó sì máa ń fara ti àgbá bí ẹni fara ti ògiri ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti bí mi nínú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo fi gègé pupa kọ ìwé gàdàgbà kan, Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó gbé àgbá náà ró.

“Ìyá Ariwo,” Oníyìnyín ní, bó ṣe máa ń pè mí, “láti ọjọ́ tó o ti kọ ìwé yìí, ṣé mo tún ti fara tì í?”

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló tún wá múnú bí mi jù.

Lọ́jọ́rú, bàbá mi wá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ogójì ọdún ni wọ́n fi tún rédíò ṣe, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ rí ampilifáyà tí kò gbọdọ̀ pariwo. Lẹ́nu ọ̀nà, mo gba fóònù ọwọ́ wọn.

“Kí ni fóònù mi ṣe fún ẹ?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Òòfà wà nínú sípíkà rẹ̀. Tí òòfà bá wà nítòsí nígbà tí irin inú àgbá yìí ń tutù, ńṣe ló máa gbé agbára òòfà yẹn mì, kò sì ní gbádùn mọ́. Agolo tó máa dáàbò bò ó ò tíì dé.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n rìn yí àgbá náà ká, ọwọ́ wọn lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń yí rédíò oníbàárà ká. Wọ́n dúró níwájú ìwé mi.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “kí ni nǹkan dúdú tó di ìwé yìí mú?”

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òòfà ni. Òòfà ńlá tí bàbá mi yọ nínú sípíkà tó ti bàjẹ́, tí wọ́n fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Òun ló mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Gbogbo tábìlì tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ló ti jókòó lé. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

“Mo máa ń gbé e jìnnà sí kásẹ́ẹ̀tì àwọn ènìyàn, kó má pa orin inú rẹ̀ rẹ́,” bàbá mi ní jẹ́ẹ́.

Oníyìnyín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun máa bínú fún ọjọ́ kan péré, torí òun náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Bàbá mi ki òòfà bọ àpò, wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ sílé. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò lè jiyàn.

A jẹ́ kí àgbá náà móoru díẹ̀ kí irin lè pọ ohun tó gbé mì, a sì tún mú un tutù. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa dúró síwájú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà náà bọ́ láti orí méjì sórí ọ̀kan, ó dé ìdajì, kò dúró. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló fìdí kalẹ̀ sí. Mo fò mọ́ Oníyìnyín lọ́rùn.

“Nọ́ńbà tó kéré báyìí lẹ ń jó sí?” bàbá mi béèrè. “Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí rédíò ẹ̀ ò bá dún kì í jó.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, tiwa ni wọ́n yàn. Bàbá mi dá wọlé lọ dágbére fún Oníyìnyín kí n tó sìn wọ́n débi ọkọ̀. Nígbà tí mo padà, ìwé tuntun ti wà lára irin tó gbé àgbá ró, ṣẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́: ẸNIKẸ́NI LÈ FỌWỌ́ KÀN ÁN, ÀFI ÌYÁ ARIWO.

Mo yíjú sí Oníyìnyín kí n bú u. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo tún ìwé náà wò. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, bí èyí tí bàbá mi fi ń kọ orúkọ oníbàárà sẹ́yìn rédíò fún ogójì ọdún. Mo fọwọ́ tẹ ṣẹ́lótéèpù náà kó lè lẹ̀ dáadáa.