Ọ̀dá Inú Ìkòkò Aró

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ni kànga ilé wa gbẹ. Mo ju garawa sísàlẹ̀, erùpẹ̀ ló bà. Láti ọjọ́ náà, oòrùn ń ràn bí oòrùn ojú àlá. Òpópónà funfun, àwọn èèyàn ń kọjá, ẹsẹ̀ wọn kò dún.

Aláró ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ìkòkò aró wọn wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọn kì í dà á nù. Bó bá ti ń fà ni wọ́n ń bu omi àti ewé elu kún un, láti ìgbà tí bàbá mi kò tíì dáyé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ti ìka bọ̀ ọ́, tí wọ́n á tọ́ ọ wò. Bó bá ta wọ́n lẹ́nu, ó wà láàyè nìyẹn.

"Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí mà le o, mà," ni màmá mi wí.

"Ilẹ̀ lo tẹjú mọ́, ìyàwó, lo ṣe ń pè é ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀dá lèmi ń pè é. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ gbójú sókè ni, wọ́n ní òjò dá. Bó ṣe dá yẹn, ó ṣì lè bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó yáa bẹ̀rẹ̀, kí n lè fọ orí mi."

"Orí ẹ ti ń rùn kí òjò tó dá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó yá, ibà mú àbúrò mi. Omi tí à ń pọn láti ọ̀nà jíjìn kò tó nǹkan, ìpín aró sì wà nínú rẹ̀. Màmá mi gbé ìpín aró fún ọmọ mu. Wọn kò fẹ́ rẹ́ ìyá ọkọ wọn jẹ, ni wọ́n bá rọra da omi tí wọ́n fi wẹ ọmọ sínú ìkòkò. Oògùn apakòkòrò wà nínú omi ọ̀hún. Lójú tiwọn, omi ṣáà ni omi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà tọ́ aró wò. Kò ta wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ri aṣọ funfun kan bọ̀ ọ́. Ó jáde bí eérú.

"Ta ló bu omi síbí?"

"Èmi ni, mà. Omi ìwẹ̀ ọmọ ni. Tiyín ni mo fún un mu."

"Ọmọ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ibà ti ń lọ, mà."

"Padà lọ dúró tì í."

Òjò rọ̀ lóṣù karùn-ún. Ìyá àgbà po aró mìíràn, ó sì mú aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀hún pupa díẹ̀ létí. A kò rí àwọ̀ ti ìṣáájú mọ́.